Olóyè Fámúrewá àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Olójú-Ewé Mẹ́sàn-án

Mo ti rin ayé débi pé bàtà bẹ̀ mí kí n sinmi. Mo mu omi Kùmásì, mo sùn sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Jọ́ọ̀sì, mo rí ọba tí wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ dùn mọ́ ara rẹ̀ bíi ti Olóyè Ajíbọ́lá Fámúrewá, Ìkẹ́rẹ́ nìkan ni mo ti rí i. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ bi àwọn ọlọ́kadà.

Nígbà yẹn, ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, gbogbo ẹni tó bá sì ti bá ẹnì kan jẹun rí ní Adó ló ń wá ipò. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Wọ́n ri òpó kan mọ́ orí òkè, àwọn ọ̀dọ́ wá ń rìn ní ìgboro, gbogbo wọn tẹ orí ba bí adìyẹ tó ń wá àgbàdo.

Olóyè yìí ni alága Àjọ Ìrìnnà Àlàáfíà fún Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ó ń jókòó. Bó bá jókòó tó rẹ̀ ẹ́, á dìde, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, á tún jókòó. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ni Olóyè Ọ̀mọ̀wé Onímọ̀-ẹ̀rọ Alàgbà Ajíbọ́lá Fámúrewá. Ọ̀mọ̀wé yẹn, Kùtọnu ló ti gbà á, ọjọ́ méjì ló fi kà á, ọ̀kan nínú ọjọ́ méjèèjì sì jẹ́ Sunday. Onímọ̀-ẹ̀rọ ńkọ́? Ó pààrọ̀ gílóòbù ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan, iná sì tàn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń lé oorun lójú rẹ̀: ipò Kọmíṣọ́nnà Ìrìnnà ṣófo ní Adó. Ipò yẹn ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gbàdúrà. Ìyàwó rẹ̀, Bísí, sọ fún àwọn ará ọjà pé bí ọkọ òun bá ń hanrun, "Kọmí, Kọmí" ni imú rẹ̀ ń ké.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti Adó. Wọ́n ní ọ̀dọ́ ń kú jù lórí máṣínì. Lóṣù Kérésìmesì nìkan, ọmọ mẹ́ta lọ lọ́nà Ìsẹ̀, èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò pé ọdún mẹ́rìnlélógún. Alága tó bá rí ọgbọ́n dá sí i láàárín oṣù mẹ́ta, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wò fún ipò Kọmíṣọ́nnà. Ìyáàfin Ọmọ́rìnsọ́lá, ọ̀gá àwọn aṣèbẹ̀wò, yóò wá fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Olóyè ka lẹ́tà náà. Nígbà tó dé ibi "ọmọ mẹ́ta", ó sáré kọjá. Nígbà tó dé ibi "Kọmíṣọ́nnà", ó kà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó bọ́ dígí ojú, ó nù ún, ó tún kà á.

Ó pe ìpàdé. Èèyàn méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Ẹniọlá, ọmọ Ìlawẹ̀ tó ń tẹ ìwé ọ́fíìsì. Ìkejì ni Yínká, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ìjọba ń sanwó fún kó máa gba pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Sà," Ẹniọlá sọ, "àwọn ọmọ yìí kì í gbọ́ rédíò, wọn kì í sì í wá sípàdé. Ṣùgbọ́n bí fóònù wọn bá dún, wọ́n á wò ó. Ẹ jẹ́ ká máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀, kí wọ́n tó jáde nílé, kó rán wọn létí bó ṣe yẹ kí wọ́n gun máṣínì."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀rọ̀ gidi ló wọlé sí ọ́fíìsì yẹn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ẹ ó máa wò.

Yínká yíjú sí Olóyè. "Sà, èrò yín yìí jinlẹ̀ gan-an."

"Ó kàn sọ sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń rin ẹnu láàárọ̀ ni," Olóyè dáhùn. "Ẹniọlá, gbé fóònù, máa tẹ̀ ẹ́. 'Èmi, Olóyè Ọ̀mọ̀wé Onímọ̀-ẹ̀rọ Alàgbà, ọmọ ẹkùn tí í gbé orí àpáta bú ramúramù, ọmọ ajíṣefínní tí aṣọ rẹ̀ kì í mọ ìdọ̀tí, alága àkọ́kọ́, alága tó ń bẹ lórí oyè lọ́wọ́lọ́wọ́…'"

"Sà, ojú ewé kan ti kún."

"Níbo la dé?"

"Inú orúkọ yín ni, sà. A ò tíì kan Fámúrewá."

Ó ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta, ó kí wọn kú ọ̀gbẹlẹ̀, ó kí àwọn tó lóko kú iṣẹ́ oko, ó kí àwọn tí kò lóko kú ìrójú. Ó kí ìyá wọn, ó kí bàbá wọn, ó bi wọ́n bóyá ara àwọn àgbàlagbà ilé le. Ìgbà tí wọ́n máa fi débi ọ̀rọ̀ máṣínì, ojú ewé kẹfà ni wọ́n wà, ìlà kan péré ló sì kù.

"Sà, bí a bá gé e kúrú, wọ́n á kà á dópin."

"Ẹniọlá, ṣé ní Ìlawẹ̀ tí wọ́n bí ẹ sí, èèyàn máa ń wọlé onílé láìkí i? Ọ̀rọ̀ àgbà tí kò ní ìkíni nínú, ariwo ni."

"Ariwo gidi ni, sà," Yínká wí.

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọlọ́kadà irínwó. Olóyè gbé fóònù tirẹ̀ sórí tábìlì, ó ká ọwọ́ agbádá sókè, ó ń retí. Ọ̀sán pọ́n, kò sẹ́ni tó fèsì. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè jẹ iyán.

"Mo kí wọn," ó ń sọ fún Bísí. "Mo kí ọmọ irínwó, mo kí bàbá wọn mọ́ ọn, kò sí ẹnì kan tó ní kí n kú àlàáfíà."

Ẹni tó bá mọ Èkìtì mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀dọ̀ wa, èèyàn lè jẹ ẹ́ lówó kó sì máa bá ẹ ṣeré, ṣùgbọ́n bó o bá kí i tí kò dá ẹ lóhùn, ìjà dé. Bí Olóyè ṣe ṣe òfin àkọ́kọ́ nìyẹn: ọlọ́kadà tí àtẹ̀jíṣẹ́ alága bá wọlé sí fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fèsì lójú ẹsẹ̀, ibikíbi tó bá wà. Ẹni tí kò bá fèsì, wọ́n á ti máṣínì rẹ̀ mọ́ ọgbà àjọ.

Àwọn ọmọ náà gbọ́ràn. Yéè, wọ́n gbọ́ràn. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí máṣínì, àtàǹpàkò òsì ń wá lẹ́tà, ojú wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ń lọ fúnra rẹ̀. Ní Ìsẹ̀, ọ̀kan gun máṣínì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń so ọkọ pọ̀ mọ́ aya, ó sì dúró síbẹ̀ parí "Ẹ ṣeun sà" kó tó bi wọ́n pé níbo nìyí. Ní Èmùré, ọ̀kan wọ inú odò, ọwọ́ tó di fóònù mú nìkan ló yọ sókè. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, Victor, ọmọ tó ń fi owó ọ̀kadà rán àbúrò rẹ̀ lọ síléèwé, kọlu ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́. Apá rẹ̀ kán síbẹ̀.

Ẹniọlá kó ìṣirò wá. "Sà, oṣù tó kọjá, ẹni mẹ́rin ló ṣubú. Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mọ́kànlá."

Olóyè mi orí tìtì. "Ìyẹn fi hàn pé wọ́n ń kà á."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Fámúyìwá wọlé. Òun ni olórí àwọn ọlọ́kadà Ìkẹ́rẹ́, ọmọkùnrin ọgbọ̀n ọdún tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n tó mọ àgbà á kí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

"Bàbá, ẹ kú uṣẹ́. A dúpẹ́ pé ẹ ń kí wa. Àní àwọn ará ulé mi pàápàá ò kí mi tó báyìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ò ṣeé gun máṣínì, Bàbá. Apá Victor ti kán. Ẹ jẹ́ ká máa fèsì bí a bá dé ulé."

"Kí n kí ẹ láàárọ̀, kó o dá mi lóhùn lálẹ́? Ṣé èmi ni mo jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ?"

"Rárá o, Bàbá."

"Bí mo bá dúró síwájú ẹ báyìí tí mò ń sọ̀rọ̀, ṣé wàá jókòó sórí máṣínì?"

"N ò lè dán an wò."

"Ọ̀rọ̀ mi tó wà nínú fóònù ńkọ́? Ta ló ń sọ ọ́? Ṣé kì í ṣe èmi náà ni?"

Inú bí Fámúyìwá díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. "Àbí kí a kúkú máa sọ̀kalẹ̀, kí a máa dọ̀bálẹ̀ fún fóònù ni, Bàbá?"

Ó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Ojú Olóyè tàn bí ìgbà tí wọ́n tan fìtílà sínú yàrá òfìfo. Ó dìde. Ó na ìka sókè.

"Òun gan-an nìyẹn. Yínká, kọ ọ́ sílẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́, sà."

Òfin kejì jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo gáréèjì. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ alága bá wọlé, kí ọlọ́kadà dúró lójú ẹsẹ̀, kó bọ́ fìlà, kó dọ̀bálẹ̀, kó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbọdọ̀ dìde kó tó parí, ìbáà jẹ́ ọba ló gbé sẹ́yìn. Kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ alága rẹ́ kúrò nínú fóònù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìjàǹbá dópin. Èmi fúnra mi ò purọ́, ó dópin pátápátá. Olóyè ń fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́, àwọn ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, máṣínì kò ráyè sáré. Àwọn olùkọ́ ń fẹsẹ̀ rìn dé kíláàsì lọ́sàn-án, tòmátì ń rà lọ́nà Èmùré, ìyá arúgbó kan tó gun ọ̀kadà láti Ìsẹ̀ lọ kí ọmọ tuntun ní ìgbà tí òun máa fi débẹ̀, ọmọ náà ti ń rákò. Olóyè kọ̀wé sí Adó: "Oṣù kan gbáko, kò sí ẹni tó ṣubú." Òótọ́ ni. Ẹni tó ti wà nílẹ̀ kì í ṣubú.

Adó fèsì pé Ìyáàfin Ọmọ́rìnsọ́lá ń bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday, aago mẹ́wàá.

Olóyè ò sùn. Ó ní agbádá tuntun lọ́dọ̀ télọ̀ kan ní Èmùré, ó sì ní òun fúnra òun ni yóò lọ gbé e, nítorí pé agbádá Kọmíṣọ́nnà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rán èèyàn. Kó tó kúrò, ó pe Ẹniọlá.

"Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé, fi àkànṣe iṣẹ́ ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn wọ ìlú kó bá wọn lórí ìdọ̀bálẹ̀. Mo ti fi oyè méjì kún un, mo sì kí òun náà nínú rẹ̀."

"Sà, ó ti di ojú ewé mẹ́sàn-án. Fóònù ò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tó gbẹ̀yìn ò wọlé mọ́."

"Kí ló wà nínú ìlà náà?"

"Ọ̀rọ̀ máṣínì ni, sà."

"Gé e. Oyè ò ṣeé gé."

Òun àti Yínká wọ jíìpù, wọ́n dé Èmùré, ó wọ agbádá náà síbẹ̀, wọ́n yí padà. Wọ́n kọjá Ìsẹ̀ tán ni jíìpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Dírẹ́bà ṣí iwájú ọkọ̀, ó wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo òkú.

"Onímọ̀-ẹ̀rọ," Yínká sọ, "ẹ bá a wò ó, sà."

Olóyè wò ó bí ẹni pé ó bú u.

Fámúyìwá ló ń bọ̀ lórí máṣínì, ó ti lọ gbé èrò sí Ìsẹ̀. Ó dúró, ó kí wọn dáadáa, ó gbé àwọn méjèèjì, Olóyè láàárín, Yínká lẹ́yìn tó di agbádá mú kó má baà wọ inú táyà. Wọ́n ń lọ dáadáa. Wọ́n gun òkè kan, níbi tí fóònù ti ń rí òpó, ohun kan sì dún nínú àpò Fámúyìwá: tín-ín, tín-ín.

Ó dúró. Ó fi irin ẹsẹ̀ máṣínì gbé e dúró. Ó bọ́ fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Kí lo ń ṣe?" Olóyè béèrè.

"Iṣẹ́ yín ló dé, Bàbá."

"Èmi ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí. Dìde, ká máa lọ."

"Ìbáà jẹ́ ọba ló gbé sẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. 'Èmi, Olóyè Ọ̀mọ̀wé…'"

"Mo mọ orúkọ mi."

"Ẹ má bínú, n kì í tètè kàwé. 'Oní… mọ̀… ẹ̀rọ…'"

Olóyè yíjú pé kí Yínká bá òun fà á dìde. Fóònù Yínká náà ti dún. Ó ti na gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fámúyìwá, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì ń mi orí sí gbogbo ọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n ka ojú ewé kẹta tán, ẹ̀kẹrin ò wọlé. Fámúyìwá gbé fóònù sókè kó hàn sí Olóyè. "Ó ní inú òun ti kún, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín àtijọ́ ló kún un. Òfin sì ní n ò gbọdọ̀ pa á rẹ́."

"Pa á rẹ́."

"Ọ̀rọ̀ yín, Bàbá?"

"Mo ní kó o pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́. Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́."

"Yínká, o gbọ́ o. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dágbére fún ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ní Ìkẹ́rẹ́, mọ́tò Ìyáàfin Ọmọ́rìnsọ́lá ti wọ ìlú. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, olùkọ́ ìṣirò tẹ́lẹ̀, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dé ìkòríta ọjà, ó rí máṣínì bí àádọ́ta tó dúró ṣáńṣán káàkiri títì, àwọn ọmọkùnrin bí àádọ́ta sì dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn ò mira. Obìnrin yìí káwọ́ lérí. Ó ti rí ìjàǹbá rí, kò rí irú èyí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti èyí tó sún mọ́ ọn jù, ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí.

Victor ni, apá rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ ìkọ́rùn, ṣùgbọ́n fóònù tirẹ̀ náà ti dún. Ó gbé orí sókè. "Ẹ káàárọ̀, Mà. A ń kàwé ni."

Ìyáàfin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tán, ó béèrè. "Kí ni ìwé náà wí?"

"Ó kí wa, Mà."

"Lẹ́yìn ìkíni ńkọ́?"

"A ò tíì débẹ̀ rí, Mà."

Ó bi àwọn tó kù. Ọ̀kan ní òun dé ojú ewé karùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń kí àwọn àna òun níbẹ̀. Ìyáàfin náà bi wọ́n bó ṣe jẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣubú fún oṣù kan. Victor ní, "A ò rìn ni, Mà."

Aago mọ́kànlá kọjá kí Olóyè tó dé. Eruku ti sọ agbádá di àwọ̀ ilẹ̀, ọwọ́ agbádá náà lápá ọ̀tún ti wọ inú táyà, ó ti ya. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé àyà sókè.

"Ìyáàfin, ẹ káàbọ̀ sí ìlú àpáta. Èmi, Olóyè Ọ̀mọ̀wé…"

"Mo ti kà á, sà," obìnrin náà wí. "Ojú ewé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni mo kà nínú fóònù akọ̀wé yín. Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí ni ẹ ní kí àwọn ọmọ yìí ṣe lórí máṣínì?"

Olóyè la ẹnu. Oyè ló kún ibẹ̀. Ó pa á dé, ó tún là á. Ó yíjú sí Yínká.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Yínká wí.

Ó yíjú sí Ẹniọlá. Ẹniọlá wolẹ̀. "Ẹ ní kí n gé e, sà."

Ibi tí mo dúró sí, mo gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń hó lórí iná olóúnjẹ kan lódìkejì títì.

"Ọmọ mẹ́ta kú lọ́nà Ìsẹ̀," Ìyáàfin Ọmọ́rìnsọ́lá wí, kò gbóhùn sókè. "Ọ̀rọ̀ tiwọn lẹ gé." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí lẹ́tà fi dé. Ipò Kọmíṣọ́nnà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹnì kan láti Òmùò tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àjọ náà bọ́ lọ́wọ́ Olóyè pẹ̀lú. Wọ́n gba jíìpù, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi ọ̀dà funfun pa orúkọ ẹnu ọ̀nà rẹ́, ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì ló sì gbà. Yínká? Ó ti wà lọ́dọ̀ alága tuntun, ó ń sọ fún un pé èrò rẹ̀ jinlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, Olóyè dúró sẹ́bàá títì pẹ̀lú páálí kan lábẹ́ apá. Ilé rẹ̀ jìnnà, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìsẹ̀. Fámúyìwá ló gbé e. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jókòó dáadáa, Bàbá," ó sì ṣíná.

Wọ́n dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Fámúyìwá, ọ̀dọ́ ni, ọ̀nà ṣófo, atẹ́gùn tutù. Ó tú máṣínì sílẹ̀. Igi ń sá kọjá, fìlà Olóyè fò lọ sínú igbó, páálí já bọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń jẹ́ alága ìrìnnà, Olóyè Fámúrewá wo ọ̀nà. Ó rí i bó ṣe rí. Ó di aṣọ Fámúyìwá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ẹnu sí etí rẹ̀, kò rántí orúkọ ara rẹ̀, kò rántí ẹkùn orí àpáta.

"Rọra, ọmọ mi," ó wí. "Jọ̀wọ́."

Fámúyìwá sì rọra.